Àmì Orí Ọ̀rọ̀ Nìkan Ni Mo Yí Nínú Ìwé Àbúrò Mi

Mi ò fi lẹ́tà kan kún ọ̀rọ̀ àbúrò mi rí, mi ò sì yọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀. Àmì orí ọ̀rọ̀ nìkan ni mo ń yí. Ẹ kọ́kọ́ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, torí mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi... Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ohùn mi kò ṣàjèjì sí àwọn ará Àkúrẹ́, rédíò ni mo ti ń jẹun, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kó ìròyìn jọ tí mo sì ń kà á ní Yorùbá. Iṣẹ́ mi ni kí n gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn, kí n sì sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ bá mi dá sí i, torí Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni mo gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí mo máa ṣe.

Ọmọ méjì ni Màmá wa bí. Èmi ni àkọ́bí. Àbúrò mi obìnrin, ẹ jẹ́ ká pè é ní Bísí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Màmá ń gbé ní Oǹdó, nínú ilé tí Bàbá wa tó ti kú fi owó kòkó kọ́. Tíṣà ni Màmá tẹ́lẹ̀, èdè Yorùbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ, pàṣán ló sì fi ń kọ́ ọ. Òun náà ló ń darí àwọn akọrin ìjọ wa. Nígbà tó dàgbà, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pátápátá. Lónìí, bí ẹ bá yìnbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní yíjú. Síléètì tó kù nínú ẹrù tíṣà rẹ̀ la fi ń bá a sọ̀rọ̀. A ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́, á kà á, á fi ẹnu dáhùn, igbe ló sì máa ń fi dáhùn torí kò gbọ́ ara rẹ̀. Ẹ má wá kọ ọ́ láìfi àmì sí i o! Á tì í padà sí yín lọ́wọ́, á máa pariwo pé, "Etí mi ti kú, àmì yẹn ni ohùn tó kù fún mi. Ẹ má gbé òkú ọ̀rọ̀ wá bá mi."

Orin ópẹ́rà ni Bísí ń kọ. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, eré orí ìtàgé ni, àmọ́ wọn kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, orin ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́nu, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá sì gbọ́ ọ kedere. Màmá ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ohùn yẹn wà nílé wa. Ó ní ọ̀nà tó fi ń yan akọrin, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ láyà, á ní kó o kọrin. Ó ní ohùn tó dáa kì í ti ẹnu wá, àyà ló ti ń gbọ̀n wá. Nígbà tó kan Bísí, ó rẹ́rìn-ín, kò tètè gbé ọwọ́ kúrò. Nígbà tó kan èmi... ojú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ni o... ó gbé ọwọ́ lé mi láyà, mo kọ ọ́ tán, ó ní, "Ó ṣófo. Lọ jókòó." Mo lọ jókòó. Ká má purọ́, mi ò tíì dìde níbẹ̀ títí dòní.

Bísí kàwé tán ní Àkúrẹ́ níbí, ó ní òun ń lọ sí Èkó lọ kọ́ṣẹ́ orin. Màmá kò lè gbọ́ fóònù, iná tọ́ọ̀ṣì orí ẹ̀ nìkan ló ń lò. Nítorí náà, Bísí á tẹ ìwé rẹ̀ sórí fóònù, á fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ ṣáà mọ bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń tẹ Yorùbá, kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ á kàn tò lọ gbọọrọ bí ìjàlọ. Èmi á wá tún un tẹ̀ níbi iṣẹ́, màá jẹ́ kó tóbi fún ojú Màmá, màá fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń fi sí ìròyìn tí a fẹ́ kà, màá gbé e lọ sí Oǹdó ní Sátidé pẹ̀lú ọbẹ̀, ọṣẹ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo bá rà ní Ọ̀wẹnà lójú ọ̀nà. Màmá kì í wo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Á na ọwọ́, "Ìwé mi dà?" Èmi tí mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi tí mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀... "Ìwé mi dà?" Ìyá Sùlíyà, aládùúgbò wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ, kì í jẹ́ kí n pa iná mọ́tò tán kó tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Akọ̀wé àgbà, o ti gbé ìwé ọmọ aláriwo dé? Ìwọ lò ń sáré, òun ni wọ́n ń retí!" Àwàdà ló fi ń ṣe. Ẹ̀gún ni àwàdà yẹn lára mi.

Mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọn, àwọn ìwé yẹn dùn. Ọmọ yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nínú èyí tó kọ́kọ́ ti Èkó wá, ó ní olùkọ́ òun dá òun dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ó gbé ìwé atúmọ̀ èdè ńlá lé òun níkùn, ó ní kí òun máa mí kí ìwé náà máa gòkè kó máa sọ̀kalẹ̀, olùkọ́ náà tún ní ohùn òun dà bíi ti obìnrin tó ń pe ọkọ rẹ̀ láti òdì kejì oko kòkó. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ fún ìdánwò ohùn ní ẹgbẹ́ ópẹ́rà kan, wọ́n lé e. Ó kọ ọ́ pé, "Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà nígbà tí mò ń kọrin, Màmá, mò ń gbọ́ bí èèpo ẹ̀pà ṣe ń fọ́ níbi tó yẹ kí n ti mí." Ó padà lọ, wọ́n tún lé e. Ìgbà tí wọ́n wá gbà á, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n tò ó sí, láàárín àwọn elégbè, bàtà tí wọ́n fún un tóbi, ó ní àkísà ni òun kì sí i lẹ́nu kó má baà bọ́ sílẹ̀ lójú èrò. Mo tẹ gbogbo ẹ̀ bó ṣe wà. Tọkàntọkàn ni mo fi fi àmì sí i. Nígbà yẹn, olóòótọ́ èèyàn ni mí.

Àṣìṣe ló kọ́kọ́ jẹ́, mo fi Ọlọ́run búra. Nínú ìwé kan, Bísí tẹ̀ ẹ́ báyìí: "Ise ti e fi le mi lowo ko je ki n sun." Ayọ̀ ló fi kọ ọ́. Iṣẹ́ ló ń wí. Ó ní iṣẹ́ orin tí Màmá fi lé òun lọ́wọ́ kò jẹ́ kí òun sùn, kí ilẹ̀ tó mọ́ òun á ti dìde, òun á ti máa dá ohùn kọ́. Mò ń kánjú, ìròyìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo fi àmì dò sórí "i" níbi tí kò yẹ kí àmì kankan wà. Ó di ìṣẹ́. Ìṣẹ́ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ kò jẹ́ kí n sùn. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ṣe é. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ti ka "ọkọ̀ kọmíṣánnà já sí kòtò ní Ìjù" ní "ọkọ kọmíṣánnà" rí, gbogbo wa fi rẹ́rìn-ín, àfi bí ọkọ kọmíṣánnà náà ṣe pè wá lórí fóònù, tó ní inú ilé òun lòun wà tóun ti ń jẹ iyán, kí la ní òun ń wá ní kòtò? Àmì kan ṣoṣo ni. Tiwọn dá ẹ̀rín. Tèmi kò dá ẹ̀rín.

Màmá kà á. Ó tún un kà. Ó bọ́ awò ojú, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un kà. Ló bá figbe ta, "Ìṣẹ́? Èmi? Ìṣẹ́ ni mo fi lé ọmọ yìí lọ́wọ́?" Mo na ọrùn wo ìwé náà, mo rí àṣìṣe mi. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, síléètì wà lórí itan mi, ọ̀rọ̀ kan péré ni màá kọ. Mo ti gbé ọwọ́ sókè... Màmá bá gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé mi láyà, ibi tó gbé e lé lọ́jọ́sí gan-an, ó ní, "Ìwọ ló kù fún mi." Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ìgbà tí mo ti ń dúró de ọwọ́ yẹn? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Mo ju ṣọ́ọ̀kì sínú báàgì. Ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi lọ́jọ́ náà, ó tún ní kí n dín sí i.

Èyí tó tẹ̀ lé e kì í ṣe àṣìṣe. Bísí rọ́wọ́ mú, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ópẹ́rà ní South Africa. Èdè Ítálì ni wọ́n fi ń kọrin níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sí Màmá pé, "Èdè wọn kò ní àmì ohùn, ibi tí orin bá ń lọ ni ọ̀rọ̀ ń bá a lọ, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Tiwa kọ́ nìyẹn, bí orin bá gbé ọ̀rọ̀ wa gba ọ̀nà òdì, ó ti pa á nìyẹn." Mo ka ìyẹn, mo rẹ́rìn-ín sínú. Ó wá ní wọ́n bi òun níwájú gbogbo kíláàsì pé ta ló kọ́ òun lórin. Ẹ wo bó ṣe tẹ̀ ẹ́: "Mo ni iya ni. Ibi ti mo ba de, iya mi ni mo n so." Ìyá ni, àbí ìyà ni? Ilé mi ní Ìjàpó, ní Àkúrẹ́ níbí, ni mo wà, tíì wà níwájú mi, kò sí ìròyìn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó ń lé mi. Mo mọ èyí tó ní lọ́kàn. Mo yan èkejì. Mo ní ìyà ni. Ibi tí mo bá dé, ìyà mi ni mo ń sọ. Ó dùn mọ́ mi lọ́wọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ dárí jì mí, ó dùn mọ́ mi lọ́wọ́ gan-an.

Màmá kò sunkún. Kì í sunkún. Ó ní kí n sọ fún ọmọ náà pé òun ti gbọ́. Mo fi ránṣẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni, mi ò yí i: Màmá ní kí n sọ fún ẹ pé àwọn ti gbọ́. Bísí, tí kò mọ nǹkan kan, fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́ padà, ó kún ojú fóònù. Láti ìgbà náà, Màmá kò kọ èsì tí mo máa ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i mọ́. Bísí á ní, "Àǹtí mi, kí ló dé tí Màmá ò kọ̀wé sí mi mọ́? Àbí wọ́n ń bínú?" Mo ní ọwọ́ Màmá ti ń gbọ̀n, kò lè mú bírò dúró. Ó ní òun á máa gbàdúrà fún ọwọ́ náà.

Ìgbà tó yá, wọ́n fún un ní ipa tirẹ̀ nínú eré. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, ó máa gbé tíì wọlé fún ọ̀gá rẹ̀, ìlà mẹ́ta péré ló máa kọ. Ó ní bí òun ṣe kọ ìkẹta tán, ẹnì kan pàtẹ́wọ́ níbi tí kò yẹ kó ti pàtẹ́wọ́, wọ́n fi ojú burúkú wò ó, òun sì nífẹ̀ẹ́ onítọ̀hún títí ayé. Mo wá ibi tí mo lè yí nínú ìwé yẹn, mi ò rí. Mo tẹ̀ ẹ́ ní òótọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí Màmá sọ? Ó ní, "Ọmọ ọ̀dọ̀. Ó fẹ́ kí n mọ̀ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo sọ òun dà." Ó dìde, ó yí àwòrán Bísí dojú kọ ògiri. Mi ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀ o! Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo gbé fún un. Májèlé ti wà nínú omi, ohunkóhun tó o bá fi sè, májèlé ni.

Ìyá Sùlíyà ló fẹ́ tú mi fó. Ó rí àwòrán tó kọjú sógiri, Màmá sọ ìdí rẹ̀ fún un, ó ní, "Bísí? Bísí tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi nínú ẹrẹ̀? Irọ́ ni, mi ò gbà." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ akọ̀wé, ìwọ lò ń dà á kọ. Gbé fóònù jáde kí Màmá fi ojú ara wọn rí i." Ó fi ọwọ́ júwe fóònù àti ojú fún Màmá, Màmá na ọwọ́. Mo ní ó ti tán. Mo ṣí ìwé "Mo ni iya ni" yẹn, mo gbé e fún un, kò sí àmì kan lórí ẹ̀, bí Bísí ṣe fi ránṣẹ́ gẹ́lẹ́. Màmá wọ awò ojú. Tíṣà Yorùbá àtijọ́ ni o, ẹni tó ń fi pàṣán kọ́ ọmọ aráyé pé ìyá yàtọ̀ sí ìyà. Ó kà á síta, ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé: "Mo ní ìyà ni. Ibi tí mo bá dé, ìyà mi ni mo ń sọ." Òun fúnra rẹ̀! Ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Òun ló fi àmì sí i lẹ́nu ara rẹ̀. Ó dá fóònù padà fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò parọ́ mọ́ ọn." Ìyá Sùlíyà ní, "Háà, ọmọ!", ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo dúró síbẹ̀. Ṣé kí n yọ̀ ni, àbí kí n sá? Nígbà tí mo ń wakọ̀ padà sí Àkúrẹ́, mo kọjá Ọ̀wẹnà láìmọ̀ pé mo ti kọjá á.

Ohun tó gbé mi wá sí iwájú yín nìyí. Bísí ń bọ̀ wálé. Wọ́n ti pè é wá kọrin ní gbọ̀ngàn kan ní Àkúrẹ́, òun nìkan, gbogbo ojú lára rẹ̀. Àmọ́ ó ní òun kò ní kọ ẹyọ orin kan níbẹ̀ kí òun tó dé Oǹdó. Ó fẹ́ dúró níwájú Màmá, kí Màmá gbé ọwọ́ lé òun láyà, kí òun kọrin náà fún ọwọ́ yẹn, níwọ̀n ìgbà tí etí kò lè gbọ́ mọ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣàlàyé fún Màmá, pé kí n ṣáà tẹ ìwé náà bí òun ṣe kọ ọ́. Ìwé náà kúrú. Òpin rẹ̀ ni: "E ma reti mi lojo Aiku."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọ ìsinsìnyí ló tẹ̀ ẹ́, "ma" kan náà ni wọ́n ń lò fún méjèèjì. Ó ní kí Màmá máa retí òun. Bí mo bá fi àmì sí i bó ṣe wà, láìfi nǹkan kan kún un, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá, Ẹ má retí mi ni. Màmá sì ti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bí kò bá wá wò mí lọ́dún yìí, kó má wá síbi òkú mi. Kọ ọ́ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pósí mi." Mo sì mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ kó yí i padà.

Ẹni tó bá mọ ilé wa mọ̀ pé a kì í kan ilẹ̀kùn Màmá. Bí ó bá ń retí èèyàn, iwájú ilé ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, lórí àga onígi, tí á máa wo títì. Bí kò bá retí ẹnì kan, á ti ilẹ̀kùn iwájú láti inú, á wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó di kí Ìyá Sùlíyà gba ẹ̀yìnkùlé lọ fọwọ́ kàn án. Ìyá Sùlíyà ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ti ń rí i lójú mi... ọmọ tí ohùn rẹ̀ ń dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìsí ẹ̀rọ, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ní Oǹdó, á kàn án, á pe Màmá, á tún pe Màmá, bóyá á tiẹ̀ kọrin pàápàá, gbogbo àdúgbò á yọjú síta láti wò ó, àfi ẹni tó torí rẹ̀ wá. Á padà lọ kọrin ní Àkúrẹ́ pẹ̀lú ọ̀fun yẹn. Mo máa wà níbẹ̀. Wọ́n ti fún mi ní ìjókòó iwájú.

Ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n lọ jẹ́wọ́ fún Màmá. Mo ti rò ó. Bí mo bá jẹ́wọ́, ọwọ́ yẹn á kúrò láyà mi, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́ láéláé. Kí ni mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀? Bí ẹ bá sì ní kí n dákẹ́, ẹ sọ bí ẹ̀yin ṣe máa jókòó níwájú gbọ̀ngàn yẹn tí ẹ ó sì máa pàtẹ́wọ́. Ìwé náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti fi àmì sí gbogbo rẹ̀, ó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bà á jẹ́, mi ò fi lẹ́tà kan kún un rí. Tí mo bá fẹ́ ṣe rere báyìí, àfi kí n fi ẹyọ "a" kan kún un. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ tètè dá mi lóhùn kí Sátidé tó pé... má ni kí n kọ, àbí máa?